Bí Wọ́n Ṣe Gbọ́ Ìgbì Òòfà Láti Gbalasa Òfurufú, àti Ìdí Tí Wọn Kò Fi Tètè Kéde Rẹ̀



Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ilé kéú ní òpin ọ̀sẹ̀ bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní olùkọ́ àwọn ní ilé-ìwé girama sọ fún àwọn pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìgbà tí ohun ńlá méjì forí sọ ara wọn ní gbalasa òfurufú, àti pé ìró náà ti lò ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ náà ní, "Àáfà, ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá lọ ni wọ́n gbọ́?"

Ìbéèrè kejì yìí wú wa lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ àjàgbé, iṣẹ́ tó lé ní ogójì ọdún ni. Òun la fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ lónìí.

Kí ni ìgbì òòfà?

Ohun tó ń fa máńgòrò wálẹ̀ láti orí igi, òun náà ló di òṣùpá mú tí kò fi fi ayé wa sílẹ̀ lọ. Òòfà ni à ń pè é. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1687. Ó ṣírò bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn sọ́dọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó wà láàárín méjèèjì tó ń gbé fífà náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin ní Jámánì, mú àlàyé mìíràn wá. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Kí ẹni mẹ́rin di etí aṣọ kan mú, kí wọ́n nà án dáadáa. Bí ẹ bá gbé ìbẹ́pẹ ńlá kan sí àárín rẹ̀, aṣọ náà yóò tẹ̀ wọnú níbẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ọsàn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, yóò yí lọ bá ìbẹ́pẹ náà. Ìbẹ́pẹ kò fi okùn fa ọsàn o. Aṣọ tó tẹ̀ ló darí rẹ̀. Einstein ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oòrùn àti ayé wa rí. Òfurufú àti àkókò dà bí aṣọ yẹn. Ohun tó bá wúwo máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, àwọn ohun yòókù á sì máa tọ ipa ibi tó tẹ̀.

Ní ọdún 1916, ó fi kún un pé bí àwọn ohun wíwúwo bá ń fi eré yí ara wọn po, aṣọ náà kò ní dúró jẹ́ẹ́. Yóò máa mì, mímì náà yóò sì máa tàn káàkiri bí omi odò ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ju òkúta sí i. Mímì yìí ló ń jẹ́ ìgbì òòfà. Eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá ni òun náà ń sá, nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ni ìgbì yìí ń ṣe sí ohun tó bá gba ara rẹ̀ kọjá? Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ẹ fà á. Ẹ ó rí i pé ó gùn sí i, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì òòfà ń ṣe sí ilé wa, sí ara wa àti sí ilẹ̀ tí a dúró lé nígbà tó bá ń kọjá. Ó ń nà wá sí apá kan, ó ń fún wa pọ̀ ní apá kejì, lẹ́yìn náà á yí i padà.

A kì í mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ó kéré ju ohun tí ọkàn lè rò lọ. Irun orí kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó átọ́ọ̀mù mílíọ̀nù kan tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Proton, tó wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, tún kéré sí átọ́ọ̀mù ní ìlọ́po ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún. Ìgbì òòfà tí ọmọ wa béèrè nípa rẹ̀ yẹn, ìyàtọ̀ tó mú bá ohun tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú proton kan.

Abájọ tí Einstein fúnra rẹ̀ fi ṣiyèméjì. Ní ọdún 1936, òun àti Nathan Rosen kọ àpilẹ̀kọ kan láti fi hàn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbì òòfà. Àwọn tó ni ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí gbé e fún onímọ̀ mìíràn kó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni náà sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Inú bí Einstein, ó gba àpilẹ̀kọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà rí àṣìṣe náà, ó sì tún un ṣe kó tó gbé e jáde níbòmíràn. Bí àgbà tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣì í, tó sì lè gbà pé òun ṣì í, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú.

Ẹni tó kọ́kọ́ ní òun ti gbọ́ ọ

Joseph Weber ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ ẹ̀rọ láti wá ìgbì òòfà. Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó so òpó alumíníọ̀mù kan rọ̀, òpó tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Èrò rẹ̀ ni pé bí ìgbì òòfà bá kọjá, òpó náà yóò dún bí agogo tí a lù, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara òpó náà yóò sì gbọ́ ọ. Ó gbé òpó kan sí Maryland, ó gbé èkejì sí itòsí Chicago, nǹkan bíi kìlómítà 1,000 síra wọn. Ní ọdún 1969, ó kéde pé àwọn òpó méjèèjì ti dún pa pọ̀.

Ìròyìn náà tàn kárí ayé. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ẹ̀rọ náà, àwọn kan tilẹ̀ kọ́ èyí tó dára ju ti Weber lọ. Wọ́n tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé Weber ní ohun tí òun gbọ́ bá ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí mìíràn mu, ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé aago ìlú Amẹ́ríkà ni ọ̀kan fi kọ àkókò tirẹ̀, aago Greenwich ni èkejì fi kọ ọ́. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ohun méjì tó pè ní ọ̀kan náà!

Títí Weber fi kú ní ọdún 2000, kò gbà pé òun ṣìnà. A kò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló fi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lélẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń rìn ín, àwọn tó wá rí i lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń dárúkọ rẹ̀ sí rere. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kó ìbẹ̀rù sí ọkàn gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e, ìbẹ̀rù tó ṣàǹfààní.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ilẹ̀

Rainer Weiss ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà náà. Ó fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ Weber fún wọn, ọ̀nà tí Weber gbà kò sì yé òun pàápàá tó. Ó wá ń ronú ọ̀nà mìíràn tí yóò rọrùn láti ṣàlàyé. Ọ̀nà náà ni kí a fi ìmọ́lẹ̀ wọn gígùn ọ̀nà méjì. Ní ọdún 1972, ó kọ ìwé kan tó to gbogbo ariwo tó lè da ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàmú lẹ́sẹẹsẹ, àti bí a ṣe lè borí wọn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ẹ̀rọ náà rárá.

Interferometer ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Kì í ṣe ohun tuntun. Albert Michelson àti Edward Morley ti lo ọ̀kan ní ìlú Cleveland ní ọdún 1887. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ̀rọ léésà yóò tan ìmọ́lẹ̀ tó lọ tààrà. Dígí kan ní iwájú rẹ̀ yóò pín ìmọ́lẹ̀ náà sí méjì: ìdajì yóò gba ọ̀nà iwájú lọ, ìdajì yóò yà sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà méjèèjì pàdé bíi lẹ́tà L. Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, dígí mìíràn wà tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, àwọn ìdajì méjèèjì yóò sì tún pàdé níbi tí wọ́n ti pínyà.

Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ìgbì, ó ní òkè, ó ní kòtò. Bí òkè ìgbì kan bá bọ́ sínú kòtò ìgbì kejì nígbà tí wọ́n pàdé, méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́, ibi tí ẹ̀rọ ti ń wò ó yóò ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Ṣùgbọ́n bí ìgbì òòfà bá kọjá, tó na ọ̀nà kan, tó sì fún ìkejì pọ̀, òkè àti kòtò kò ní bára wọn mu mọ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò yọ nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn ni ìròyìn tí wọ́n ń wá.

Bí ọ̀nà náà bá ṣe gùn tó ni ó ṣe lè mọ ìyàtọ̀ kékeré tó. Weiss, Kip Thorne àti Ronald Drever, tó wá láti Scotland, ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a mọ̀ sí LIGO lónìí, owó ìjọba Amẹ́ríkà sì ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó fún àwọn ènìyàn ní ìgboyà láti náwó sí i ni pé ní ọdún 1974, Russell Hulse àti Joseph Taylor rí ìràwọ̀ òkú méjì tó ń yí ara wọn po. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, wọ́n ń sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Einstein ṣe sọ pé ìgbì òòfà yóò mú kí wọ́n ṣe. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1993. Ipa ẹsẹ̀ ni wọ́n rí, ó wá ku ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Barry Barish ló di olùdarí iṣẹ́ náà ní ọdún 1994, òun ló sì mú un dúró. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ méjì. Ọ̀kan wà ní Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, èkejì wà ní Livingston ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 300 kó tó jáde.

Ariwo ayé pọ̀

Ẹ wá padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ̀rọ tó lè mọ ohun tó kéré ju proton lọ, kí ni kò ní gbọ́? Ó ń gbọ́ ọkọ̀ lójú títì. Ó ń gbọ́ igi tí wọ́n ń gé nínú igbó tó wà nítòsí Livingston. Ó ń gbọ́ ìgbì òkun tó ń lu èbúté ní ọ̀nà jíjìn réré. Ní Hanford, ariwo kan da wọ́n láàmú ní àkókò kan, nígbà tí wọ́n sì wádìí rẹ̀, ẹyẹ ìwò ni wọ́n bá! Òǹgbẹ ń gbẹ àwọn ẹyẹ náà, wọ́n ń sọ yìnyín tó dì mọ́ ara páìpù lẹ́nu.

Nítorí náà, wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Dígí kọ̀ọ̀kan wúwo tó kìlógíráàmù 40. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ni wọ́n fi so ó rọ̀, abẹ́ ìwúwo mẹ́ta mìíràn ló sì wà, tí ọ̀kan rọ̀ mọ́ èkejì. Bí ilẹ̀ bá mì, ti òkè á gba díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gba díẹ̀, kó tó dé orí dígí ìsàlẹ̀ mímì náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láfikún sí i, wọ́n gbé ẹ̀rọ kéékèèké káàkiri àyíká láti máa ṣọ́ ilẹ̀, atẹ́gùn, ìró àti mànàmáná, kí wọ́n lè mọ ohun tó wá láti ayé yìí.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kò tó. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi jẹ́ méjì. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nǹkan bíi kìlómítà 3,000 ló wà láàárín Hanford àti Livingston. Ọkọ̀ tó ń kọjá ní Livingston kò lè mi ilẹ̀ Hanford. Ṣùgbọ́n ìgbì òòfà yóò kan méjèèjì, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ gbọ́dọ̀ jọra. Ààyè àkókò tó lè wà láàárín wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nítorí pé iye tí ìmọ́lẹ̀ máa fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì nìyẹn.

Nígbà tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ ohun kan fún yín níbí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, a gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ti rí oṣù ní ìlú kan. A kò ṣàdédé gbé e. Ẹni mẹ́ta ló pè wá, wọn kò mọ ara wọn, a sì rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta pọ̀ tó. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti hàn pé ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n gbà sórí fóònù ni gbogbo wọn gbọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó sọ ọ́. Àwọn ìdílé kan kò jí fún sààrì nítorí wa. Àwọn mìíràn ti jẹun láàárọ̀. Àwa la tọrọ àforíjì.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ wa ni pé kì í ṣe iye ẹlẹ́rìí ni ọ̀rọ̀ wà, bí kò ṣe bóyá oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ LIGO mọ èyí dáadáa. Kìlómítà 3,000 yẹn ni wọ́n fi rí i dájú pé ẹlẹ́rìí kan kò gbọ́ lẹ́nu èkejì.

Wọ́n tún ń dán ara wọn wò. LIGO bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí ní ọdún 2002, títí di 2010 kò gbọ́ ohunkóhun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ìró kan yọ nínú ẹ̀rọ méjèèjì, ó jọ ohun tí wọ́n ń wá gẹ́lẹ́. Wọ́n ti ní àdéhùn tẹ́lẹ̀ pé àwọn díẹ̀ láàárín wọn lè fi ọwọ́ ara wọn mi dígí ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn yòókù yóò rí i, àti bóyá wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá òótọ́ ni èyí tàbí ìdánwò. Wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí fún oṣù mélòó kan, wọ́n ṣírò, wọ́n jiyàn, wọ́n tilẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ tí wọn yóò fi kéde rẹ̀ parí. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n pàdé, wọ́n sì tú àṣírí náà níwájú gbogbo wọn. Ìdánwò ni! Wọ́n gbé àpilẹ̀kọ náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ tó dún

Wọ́n tú ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ọdún mélòó kan tún un ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọn kò tíì ṣí iṣẹ́ tuntun náà ní gbangba nígbà tí ìró kan dé. Aago mẹ́wàá kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú ni láàárọ̀ ní tiwa ní Nàìjíríà. Òru ṣì ni ní ibi tí ẹ̀rọ méjèèjì wà. Livingston kọ́kọ́ gbọ́, Hanford gbọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Marco Drago, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Hannover ní Jámánì, ló kọ́kọ́ rí ímeèlì tí kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n tún ti dé pẹ̀lú ìdánwò wọn. Ó pe àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn kò fi nǹkan kan sí i. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà sì sọ pé ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ wádìí bóyá ẹnì kan jí wọnú kọ̀ǹpútà wọn láti fi wọ́n ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun lára ẹ̀rọ. Wọ́n kó ohun tí ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ ní ọjọ́ 16 jọ láti fi ṣírò. Bí wọ́n ṣe ṣe é yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ Livingston, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún aago rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn kí ó má bá ti Hanford mu mọ́. Bí ìró méjì bá wá jọra lẹ́yìn tí wọ́n ti sún aago, ó dájú pé èèṣì ni, nítorí pé kì í ṣe àkókò kan náà ni wọ́n dún. Wọ́n ṣe èyí léraléra títí wọ́n fi mọ bí èèṣì ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ tó. Èsì tí wọ́n rí ni pé kí èèṣì tó lè mú irú ìró ọjọ́ yẹn wá, yóò gbà ju ọdún 203,000 lọ.

Títí dìgbà yẹn, wọn kò sọ fún aráyé. Àhesọ ń jáde, àwọn oníròyìn ń pè wọ́n, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2016, lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún, David Reitze, olùdarí LIGO, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní ìlú Washington, ó sì kéde pé àwọn ti rí ìgbì òòfà. Orúkọ tó lé ní 1,000 ló wà lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ náà.

Kí ni wọ́n gbọ́? Ihò dúdú méjì ni. Ihò dúdú irú èyí máa ń wá láti ara ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, tó wó sínú ara rẹ̀, tí òòfà rẹ̀ sì le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀. Ọ̀kan wúwo tó oòrùn 36, èkejì tó oòrùn 29. Wọ́n yí ara wọn po, eré wọn ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi di ọ̀kan tó wúwo tó oòrùn 62. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ku oòrùn mẹ́ta. Oòrùn mẹ́ta yẹn ló yí padà di ìgbì òòfà. Nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 1.3 ni ìgbì náà fi rìn kó tó kàn wá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìró tí etí lè gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí onígángan bá fún okùn ìlù rẹ̀ mọ́ra.

Ní ọdún 2017, Weiss, Barish àti Thorne gba ẹ̀bùn Nobel. Drever ti kú ní oṣù kẹta ọdún kan náà.

Ẹlẹ́rìí kẹta

Nígbà tí a sọ èyí fún ọmọ tó bi wá ní ìbéèrè, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àáfà, tí àwọn méjèèjì bá jọ ṣì í ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní Ítálì, nítòsí ìlú Pisa, ẹ̀rọ kẹta wà tó ń jẹ́ Virgo. Ọ̀nà tirẹ̀ gùn tó kìlómítà mẹ́ta, kì í sì í ṣe àwọn kan náà ló kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ìgbì kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dé tó yàtọ̀. Kì í ṣe ihò dúdú lọ́tẹ̀ yìí. Ìràwọ̀ neutron méjì ni, ìyẹn ìràwọ̀ òkú tí kò tóbi ju ìlú kan lọ ṣùgbọ́n tó wúwo ju oòrùn. Ihò dúdú kì í tàn, àmọ́ ìràwọ̀ neutron máa ń tàn bí wọ́n bá forí gbárí.

Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn tí ìgbì náà dópin, ẹ̀rọ Fermi tó ń yí ayé po lókè rí ìtànṣán kan. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́ka sí apá ibi tí ìgbì náà ti wá lójú sánmà, àwọn awòràwọ̀ kárí ayé sì yí ẹ̀rọ awò wọn síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tuntun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú àgbájọ ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń fi nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 130 rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nǹkan bí ilé awòràwọ̀ 70 ló wò ó. Nínú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àmì pé irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ̀dá àwọn èròjà wíwúwo, tí wúrà wà lára wọn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní òrùka wúrà lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé níbi irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ tó pàdé láyé àtijọ́ ni díẹ̀ nínú wúrà náà ti wá.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ wa nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àwọn tó ń fetí gbọ́ nìkan ló jẹ́rìí. Àwọn tó ń fojú wò náà jẹ́rìí, irinṣẹ́ wọn yàtọ̀, ilẹ̀ wọn yàtọ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì tọ́ka sí. Láti ìgbà náà, Japan ti kọ́ ẹ̀rọ KAGRA sábẹ́ òkè ní Kamioka, ìjọba Íńdíà sì ti fọwọ́ sí i ní ọdún 2023 kí wọ́n kọ́ tiwọn sí Maharashtra.

Ní tiwa, láti alẹ́ ọjọ́ tí a ṣi ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́nà, a ní òfin kan ní ilé-iṣẹ́ wa. Bí ẹni mẹ́wàá bá pè wá, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi oníkálukú wọn ni, "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i, àbí wọ́n sọ fún yín ni?" Ìgbà púpọ̀ ni ìbéèrè yìí máa ń jẹ́ ká pẹ́ ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i pé a pẹ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ rántí àwọn tó ní ìròyìn tí aráyé ti ń retí fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún fi oṣù márùn-ún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa béèrè bí ọmọ yìí ṣe béèrè. Àlàáfíà o.